Ológò Lẹ́nu Ọ̀nà Tíṣà

Wọn kò tíì bọ́jú tán nílé Bọ́dúnrìn tíṣà láàárọ̀ Sátidé yẹn tí Gbàdàmọ́sí fi gbé ẹní wọlé. Kò kan ilẹ̀kùn. Ó tẹ́ ẹní rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, ó bọ́ bàtà, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú bí ẹni tó ti san owó ilé ọdún kan, ó wá kígbe tí gbogbo àdúgbò fi gbọ́:

"Bọ́dúnrìn ọmọ fásitì! Ẹgbẹ́ Olùfẹ́ Ìmọ̀ ló rán mi sí ẹ! Owó tó o fi kàwé ni wọ́n ní kí n gbà wá. N kò ní í dìde níbí àfi tí mo bá gbà á. Bí ilẹ̀ bá sì ń ṣú lọ tí n kò rí owó, Alága ń bọ̀ wá fi píkọ́ọ̀pù gbé ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó ẹ lọ. Ó yá, kí la ó jẹ láàárọ̀ yìí?"

Ẹni tí kò bá mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ológò, kó ṣọpẹ́. Láyé àwọn baba wa, bí gbèsè bá pẹ́ lọ́rùn èèyàn, olówó á rán ológò lọ jókòó tì í. Ológò kò ní í lu ẹnikẹ́ni. Á kàn jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa bú èébú, á máa pàṣẹ oúnjẹ, ẹran tó bá sì kọ́kọ́ gba iwájú ilé kọjá, ti ta ni o, á mú un pa. Ẹni tó ni ẹran yóò lọ gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ onígbèsè. Báyìí ni gbogbo àdúgbò yóò ṣe dojú kọ ọ́, tí yóò fi lọ ta ilẹ̀ baba rẹ̀. Ìjọba òyìnbó ní kí wọ́n jáwọ́ nínú àṣà náà, wọ́n sì ti jáwọ́ tipẹ́, àfìgbà tí Ẹgbẹ́ Olùfẹ́ Ìmọ̀ ṣèpàdé.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú ló wà nínú ẹgbẹ́ yìí o. Àdúrà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìpàdé, orin ni wọ́n fi ń parí ẹ̀, mọ́ínmọ́ín ni wọ́n sì ń jẹ láàárín. Wọ́n ń yá ọmọ ìlú lówó láti lọ sí fásitì, ohun tó dáa ni, kò sẹ́ni tó ní kò dáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń yá Bọ́dúnrìn lówó, ẹni tó bá jáde ní fásitì, iṣẹ́ ń dúró dè é. Lọ́dún tí à ń wí yìí, ọdún tí sọ́jà ń fi kòbókò tò wá lórí ìlà ká lè ra ọṣẹ, tíṣà ń kọ́mọ, kò rówó oṣù gbà. Àádọ́ta náírà ni ẹgbẹ́ ní kó máa san lóṣù. Àádọ́ta nínú kí ni? Kò sẹ́ni tó bèèrè. Wọ́n rí i pé kò san, wọ́n bu owó ìtanràn lé e. Wọ́n rí i pé kò san ìtanràn, wọ́n bu ìtanràn lé ìtanràn. Nígbà tó yá, Olóyè Walter tó ń ta sìmẹ́ńtì, tó tún jẹ́ alága wọn, dìde nípàdé, ó ní àṣà ìbílẹ̀ wa ń parẹ́, ó dun òun, ológò ló kù tí àwọn yóò lò. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n wá ológò títí, wọn kò rí, kí wọ́n tó rí Gbàdàmọ́sí ní Ìjẹ̀bú-Imusin. Baba rẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ náà rí. Òun fúnra rẹ̀ kò ṣe iṣẹ́ kankan rí.

Nínú yàrá, Edith, ìyàwó Bọ́dúnrìn, ti jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rán nǹkan kan. Síngà ni ẹ̀rọ náà, ìyá rẹ̀ ló fi ta á lọ́rẹ nígbà ìgbéyàwó, òun ló sì ń bọ́ ilé láti ìgbà tí owó oṣù ti dáwọ́ dúró. Yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé-ìwé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní òkìtì, òmíràn kò ní apá, òmíràn kò ní ọrùn. Ọjọ́ Ajé ni ilé-ìwé ń wọlé. Àwọn òbí ti san àsansílẹ̀, àsansílẹ̀ ti di gàrí, gàrí sì ti tán.

"Bàbá Yọmí, ẹ gbọ́ ohun tó sọ?"

"Kò bófin mu," ni Bọ́dúnrìn wí. Ó ń wá táì rẹ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí. "Ẹ̀rọ rẹ kọ́ ni mo fi ṣe ìdúró nígbà tí mo yáwó. Kò sí kóòtù kan tó máa gbà á láyè."

"Ẹ lọ sọ ọ́ fún un. Ó wà lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ yẹn, ó ń họ àtẹ́lẹsẹ̀."

"Èmi kò lè máa bá irú èèyàn bẹ́ẹ̀ jiyàn. Kò kàwé."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, òun tí kò kàwé, ta ló jókòó ti ta ni?"

Bọ́dúnrìn tún ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìrọ̀rí. Ó rí táì náà, ó so ó mọ́ ọrùn tó ti tín-ín-rín. Ìtàn ilẹ̀ Yúróòpù ló kà ní fásitì. Ó mọ gbèsè tí àwọn ọba Faransé jẹ látorí dé ìdí, ti ara rẹ̀ nìkan ni kò mọ bí yóò ṣe san.

"Ẹ fetí sí mi," ni Edith wí, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀. "Ẹ lọ bá Alága ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ má ṣe gírámà fún un o. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ ká máa san náírà mẹ́wàá lóṣù. Mẹ́wàá ni ẹ̀rọ yìí lè mú wá lẹ́yìn tá a bá ti jẹun. Bí ìjọba bá san owó oṣù, ká fi kún un. Wọ́n á gba owó wọn tán lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ lọ, mẹ́wàá gan-an, níbo ló ti fẹ́ wá?"

"Mẹ́wàá? Ojú á tì mí láti sọ ọ́."

"Ojú yín kò tíì tì yín tó," ni Edith wí, ó sì yíjú sí ògiri.

Bọ́dúnrìn fo ẹsẹ̀ Gbàdàmọ́sí kọjá, ó jáde. Ológò náà kò ká ẹsẹ̀ kò fún un.

"Ìyàwó," ni Gbàdàmọ́sí ké láti orí ẹní, "ìkòkorè ni mo fẹ́ jẹ o. Kó o fi ẹja gidi sí i. Bàbá mi sọ fún mi pé ibi tí ológò bá ti jẹ gàrí lásán, ìyẹn kì í ṣe ilé èèyàn."

Kò sí ewùrà nílé, kò sí ẹja, epo inú ìgò kò sì tó kan ìsàlẹ̀ ṣíbí. Edith rékọjá sílé Mọ́ṣádé tó ń ta kẹrosíìnì lódìkejì. Mọ́ṣádé ti kó adìyẹ rẹ̀ mọ́ inú kéèjì, ó sì fi páànù dé e. Gbogbo àdúgbò ló ti ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ohùn ológò láàárọ̀, oníkálukú ti sáré kó ohun ọ̀sìn rẹ̀ wọlé. Kò sí òròmọdìyẹ kan níta mọ́. Ìkáàánú tí wọ́n ní sí Edith kò pọ̀ tó ìyẹn.

Mọ́ṣádé fún un ní ewùrà kan, ó fún un ní epo díẹ̀, kò sọ pé ẹ̀bùn ni, kò sì sọ pé àwìn ni.

"Kí wá ni ti Albert ọmọ Alága?" ni Mọ́ṣádé bèèrè, kò rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹgbẹ́ kan náà ló yá a lówó. Ọdún kan náà lòun àti ọkọ ẹ gbà á. Ta ló lọ tẹ́ní sẹ́nu ọ̀nà tiẹ̀?"

"Ó wà ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní ó ṣì ń kàwé."

"Látọjọ́ yìí? Irú ìwé wo nìyẹn tí kò tán? Àbí òun ló ń kọ ọ́ ni?"

Edith fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. Ó gbé ewùrà lọ sílé, ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ẹ́. Gbàdàmọ́sí ti sùn lórí ẹní, ó ń hanrun.

Ìgbà náà ló rí Àbẹ̀kẹ́ tó ń bọ̀.

Àbẹ̀kẹ́ kì í ṣe èèyàn, ewúrẹ́ ni. Ti Alájà Wòsílátù ni, ìyá tó bí Olóyè Walter. Aṣọ pupa wà lọ́rùn rẹ̀ kí gbogbo ayé lè mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ òkò lù ú, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi ìgbálẹ̀ lé e, ó ń jẹ gàrí tí wọ́n sá, ó ń wọ ilé onílé bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè. Alájà ti lọ sọ́jà Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ láti òwúrọ̀ kùtùkùtù, kò gbọ́ pé ológò wọ àdúgbò, kò sì sẹ́ni tó láyà láti so ewúrẹ́ ìyá Alága mọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Edith wo ewúrẹ́ náà. Ó wo ológò tó ń sùn. Ó wo ojú fèrèsé tí igun ẹ̀rọ rẹ̀ ti ń hàn. Lẹ́yìn náà ó kó èèpo ewùrà ní ẹ̀kúnwọ́, ó rìn yí ilé po, ó dà á síwájú ẹní Gbàdàmọ́sí gan-an, ó sì padà wá jókòó. Mọ́ṣádé dúró lójú fèrèsé tirẹ̀ lódìkejì, ó ń wò ó. Mọ́ṣádé fa aṣọ fèrèsé rẹ̀ pa dé.

Kò pẹ́ tí ariwo fi sọ. Gbàdàmọ́sí ti jí, ó ti di Àbẹ̀kẹ́ mú lẹ́sẹ̀.

"Ọlọ́run tóbi! Ẹran wọlé! Ìyàwó, mú ọ̀bẹ wá!"

"Bàbá, ẹran ẹlẹ́ran ni o," ni Edith wí láti ẹ̀gbẹ́ ilé, kò sáré.

"Ti ta ni?"

Edith fi omi ṣan ewùrà. "Mo ní ẹran ẹlẹ́ran ni."

"Ẹlẹ́ran á bá ọkọ ẹ gbowó. Bí iṣẹ́ ṣe rí nìyẹn."

Gbàdàmọ́sí tí kò mọ ẹnikẹ́ni nílùú fi Bísímílà pa á, ó bó o, ó dá a sí wẹ́wẹ́. Nígbà tí òórùn ọbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, àwọn tó ti kó adìyẹ wọn pamọ́ láàárọ̀ wá rántí pé aládùúgbò àwọn wà nínú ìdààmú. Èyí gbé ata wá, èyí gbé iyọ̀ wá, èyí gbé abọ́ òfìfo wá. Wọ́n bẹ Edith pé kó mọ́kàn. Wọ́n sọ fún un pé Ọlọ́run ń bẹ. Wọ́n jẹ ẹran.

Ìgbà náà ni Bọ́dúnrìn dé, táì rẹ̀ ti yí sẹ́yìn ọrùn. Ó jókòó sórí àpótí nínú ilé ìdáná.

"Ẹ rí Alága?" ni Edith bèèrè.

"Mo rí i. Mo dúró títí ó fi ta ọjà tán. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sọ mẹ́wàá yẹn."

"Kí ló wí?"

"Ó fi mí rẹ́rìn-ín níwájú àwọn oníbàárà. Ó ní, 'Ẹni tó bá ní òun á san díẹ̀díẹ̀, kò fẹ́ san ni.' Ó ní kí n lọ kó ẹrù kúrò lórí ẹ̀rọ, kí àwọn ọmọ iṣẹ́ òun má baà pẹ́." Ó fa imú. "Ẹran wo nìyí?"

"Ẹ jẹun," ni Edith wí.

Ebi kì í bèèrè ìwé-ẹ̀rí. Bọ́dúnrìn jẹ ìkòkorè, ó jẹ ẹran. Ó ti pẹ́ tó ti fi eyín kan ẹran kẹ́yìn, ó jẹ ẹ́ dé eegun, ó fa mùdùnmúdùn rẹ̀ mu. Ẹran gbèsè ara rẹ̀ ló ń jẹ, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un. Edith nìkan ni kò jẹ. Ó padà sídìí ẹ̀rọ, ó ń rán apá mọ́ yunifọ́ọ̀mù, ó ń tẹ̀ ẹ́ kíákíá bí ẹni tó fẹ́ rán gbogbo ìyókù ayé rẹ̀ tán kí oòrùn tó wọ̀.

Oòrùn kò dúró dè é. Píkọ́ọ̀pù sìmẹ́ńtì dé, eruku funfun bò ó látorí dé ìdí. Olóyè Walter sọ̀ kalẹ̀, ó ti wọ agbádá, nítorí kò fẹ́ kí wọ́n ní òun wá bí olè. Àwọn alágbàṣe méjì bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀.

"Tíṣà, kì í ṣe ìjà o," ni Walter wí. "Ìfẹ́ ìmọ̀ ni. Bí ẹ̀yin kò bá san, kí la ó fi rán àwọn àbúrò yín lọ sílé-ìwé? Ẹ gbé e."

"Alága, ẹ jọ̀ọ́, sà," Edith kúnlẹ̀ lórí àwọn yunifọ́ọ̀mù náà. "Ẹ jẹ́ kí n rán aṣọ àwọn ọmọ yìí tán. Títí Ọjọ́ Ajé nìkan. Mẹ́wàá àkọ́kọ́ wà nínú ẹ̀, màá gbé e wá fún yín fúnra mi."

"Ẹ gbé e," ni Walter tún wí.

Àwọn alágbàṣe gbé ẹ̀rọ. Yunifọ́ọ̀mù kan ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó ń wọ́ nílẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Inú èèyàn á bàjẹ́ bó bá rí i. Bọ́dúnrìn dúró, ó di táì rẹ̀ mú, òróró ẹran ń dán létè rẹ̀. Wọ́n ti gbé ẹ̀rọ dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí obìnrin arúgbó kan yọ láti ojú títì, igbá ọjà ṣì wà lórí rẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́! Àbẹ̀kẹ́ o! Ta ló rí Àbẹ̀kẹ́ mi? Kò sí lúlé!"

Alájà Wòsílátù ni. Ìjẹ̀bú ẹnu rẹ̀ ki, kò fi nǹkan kan là á. Ó dé iwájú ilé, ó rí aṣọ pupa lórí okùn tí Gbàdàmọ́sí sá a sí, ó rí orí ewúrẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Ó sọ igbá kalẹ̀.

Gbogbo àwọn tó jẹ ẹran bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀. Ẹnì kan gbé eegun mì.

"Ta ló pa á?"

"Èmi ni, ìyá," ni Gbàdàmọ́sí wí láìbẹ̀rù. "Iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni mo ń ṣe. Onígbèsè nìyí, tíṣà yìí. Òun lẹ ó gbowó ewúrẹ́ yín lọ́wọ́ ẹ̀."

Alájà wo Bọ́dúnrìn látòkè délẹ̀. Ó wo ẹ̀rọ lọ́wọ́ àwọn alágbàṣe.

"Ẹni tí wọ́n ń gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀ yìí ni yóò sanwó ewúrẹ́ fún mi? Ta ló rán ọ níṣẹ́?"

Gbàdàmọ́sí fi ẹnu júwe Walter.

"Wálítà," ni ìyá rẹ̀ pè é. Báyìí ló ti ń pè é láti ọjọ́ tí ilé-ìwé míṣọ̀n ti sọ ọ́ lórúkọ yẹn. "Ìwọ lo pa ewúrẹ́ mi?"

"Màámi, wọ́n ṣèèṣì ni. Ẹ jẹ́ ká délé."

"N kò relé. Ọgọ́rùn-ún náírà ni mo fẹ́. Oyún wà nínú ẹ̀."

Gbàdàmọ́sí tó la inú ewúrẹ́ náà la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Alájà wò ó. Ó pa ẹnu dé.

"Ọgọ́rùn-ún, lónìí, níbí yìí," ni Alájà wí. "Ìwọ ọmọ tí mo ta obì, tí mo fi eó ẹ̀ tọ́ dàgbà."

Walter tún agbádá ṣe ní èjìká. Ó sún mọ́ ìyá rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn ẹni tó ti ń ṣalága tipẹ́ kì í mọ bí wọ́n ṣe ń rẹlẹ̀.

"Màámi, ọjà kò tà. Sìmẹ́ńtì kò wọlé mọ́, owó mi wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n máa san án fún yín díẹ̀díẹ̀. Náírà mẹ́wàá lóṣù."

Ọ̀kan nínú àwọn alágbàṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín sínú, ẹ̀rọ sì ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀.

Bọ́dúnrìn nu òróró ẹnu rẹ̀ nù pẹ̀lú táì.

"Alága," ló wí, "ẹni tó bá ní òun á san díẹ̀díẹ̀, kò fẹ́ san ni."

Ẹ̀rín bú. Mọ́ṣádé dì mọ́ òpó ilé rẹ̀. Ojú Walter pọ́n.

"Èló ni àwọn náà ní àwọn ó máa san?" ni Alájà bèèrè.

"Mẹ́wàá náà ni, Alájà," ni Mọ́ṣádé ké láti òdìkejì. "Mẹ́wàá lóṣù, láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀ ẹ́!"

Alájà yíjú sí àwọn alágbàṣe. "Ẹ gbé ẹ̀rọ yẹn padà síbi tẹ́ ẹ ti gbé e. Wálítà, bó o bá ṣe gbà lọ́wọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ lèmi ó ṣe gbà lọ́wọ́ ẹ. Bó o bá fẹ́ gbogbo ẹ̀ lónìí, èmi náà fẹ́ gbogbo tèmi lónìí."

Wọ́n gbé ẹ̀rọ padà. Walter ní ó dáa, kí wọ́n máa san mẹ́wàá, òun á ṣàlàyé fún ẹgbẹ́. Ó ń lọ sídìí ọkọ̀ nígbà tí Gbàdàmọ́sí ká ẹní rẹ̀, tó gbé e sí abíyá, tó tẹ̀ lé e.

"Níbo lò ń lọ?" ni Walter jágbe mọ́ ọn.

"Ilé yín, Alága. Owó iṣẹ́ mi. Ìgbà tí mo bèèrè lọ́jọ́sí, ẹ ní ẹgbẹ́ á máa san án díẹ̀díẹ̀." Ó ju ẹní sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, ó gun ọkọ̀. "Ṣé wọ́n máa ń se ìkòkorè nílé yín?"

Ọkọ̀ lọ. Àwọn aládùúgbò tú ká, wọ́n lọ ṣí adìyẹ wọn sílẹ̀. Bọ́dúnrìn ń rìn káàkiri pálọ̀ bí ẹni tó ṣẹ́gun ní Yúróòpù, ó ń tún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó sọ sọ fún ògiri. Edith ti jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó ń yọ eruku sìmẹ́ńtì kúrò lára yunifọ́ọ̀mù.

Ó gbé ojú sókè, ó rí Alájà Wòsílátù lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin náà kò tíì lọ. Ó di èèpo ewùrà kan mú láàárín ìka méjì.

"Àbẹ̀kẹ́ kì í dé ibi tí wọn kò bá ti fi nǹkan pè é," ló wí, ohùn rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀. "Ìró kan, bùbá kan, àti ìborùn ẹ̀ lo ó rán fún mi. Èmi ó mú aṣọ wá. N kò ní í sanwó."

Edith wo èèpo náà.

"N kò sì fẹ́ díẹ̀díẹ̀ o," ni Alájà wí. "Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sí mọ́sálásí."

Edith dìde. Ó mú téèpù tó fi ń wọn èèyàn lórí ìṣó, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá náà.

"Ẹ na ọwọ́ yín, mà," ló wí, "kí n wọ̀n yín."